Ọ̀rá Mẹ́ta Tí Kò Ní Orúkọ

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti ilé wọn ní Upper Sakponba. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ Píjìn ló fi ń dáni lóhùn. "Uncle, abeg come. Mama no sabi me again."

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ètè rẹ̀ gbẹ. Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. Kẹ̀kẹ́ la fi gbé e dé ọsibítù.

"Kí ló lò?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà bi wá nìyẹn.

Ọmọ rẹ̀ yọ ọ̀rá péńpé mẹ́ta jáde. Òfìfo ni méjì, hóró oògùn díẹ̀ ló kù nínú ìkẹta. Kò sí orúkọ lára ìkankan. Bí wọ́n ṣe ń tà á ládùúgbò wọn nìyẹn: o máa sọ ohun tó ń ṣe ọ́, olóògùn á da oríṣiríṣi hóró pọ̀ sínú ọ̀rá, á so ó. Ẹ̀gbọ́n mi ra ti ibà. Oògùn ibà yún un lára, ó padà lọ ra ti ara yíyún. Ọ̀fìnkìn tún mú un, ó ra ìkẹta.

Mo gba nọ́ńbà olóògùn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, mo pè é. Ó ní oògùn ara yíyún wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. "Ṣé èmi ni mo ní kó lò wọ́n pa pọ̀ ni?"

"Hóró mélòó lẹ fi sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan?"

"Ọ̀gá, ta ló ń ka ìyẹn?"

Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìròyìn, ìbéèrè ni mo fi ń jẹun. Èyí tí ẹ̀mí ẹ̀gbọ́n mi rọ̀ mọ́ yìí, n kò rí ẹni dá a lóhùn.

Mo sọ ohun tí olóògùn wí fún dókítà. Kò fi bò. "Hóró ara yíyún yẹn kéré lójú yín. Tó bá pọ̀ lára, ó ń da orí rú, ọkàn á máa sáré, ó sì lè dúró. A ti fa omi sí i lára. Ká máa wò ó."

A ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ń fa òwú tí kò sí níbẹ̀ yọ lára aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó ń ká a mọ́ ìka. Ó rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Oníbàárà, ẹ ṣe sùúrù. Aṣọ yín á jáde lónìí."

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni."

"Ẹ bá mi ki òwú yìí bọ ojú abẹ́rẹ́. N ò ríran dáadáa."

Ó na ọwọ́ òfìfo sí mi. Mo gba òwú náà.