Ojú Kílọ́ọ̀ṣì, Ẹ̀yìn Kílọ́ọ̀ṣì

Ọkọ mi kì í ṣe mẹkáníìkì. Kí n tètè sọ ọ́, kó má baà di pé mo ṣi yín lọ́nà. Aago ló ń tún ṣe. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbáko ló fi jókòó sẹ́yìn tábìlì kékeré kan, tó fi gíláàsì bo ojú ọ̀tún, tó ń yọ nǹkan tí kò tó ẹyọ ìrẹsì jáde nínú aago àwọn oníbàárà. Bàbá Aláago ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ bí inú mi bá dùn sí i. Bí inú mi ò bá dùn, mi ò kì í pè é rárá.

Nígbà tí fóònù wá dé ọwọ́ tọmọdé tàgbà, kálukú ń wo aago lójú fóònù, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá. Ó pẹ́ kó tó gbà. Ìgbà tó gbà, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa, ó gbé tábìlì rẹ̀ wálé, ó sì jókòó sí pálọ̀ wa bí àlejò. Ọkùnrin tí kì í gbélé wá di ẹni tó ń bá mi ka iye ìgbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Oṣù mẹ́rin ni mo fi rí i bẹ́ẹ̀. Mo ń bínú sí i, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí, mi ò mọ èyí tí ǹ bá mú níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló gbà wá. Alásè ni ní ilé-ìwé àwọn ọmọ kéékèèké tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ní ọ̀gá ilé-ìwé náà ń wá awakọ̀ tó ti dàgbà, tó ní mọ́tò tirẹ̀, tí á máa gbé ọmọ mẹ́rin lọ sílé-ìwé, tí á sì máa gbé wọn bọ̀. Ó dárúkọ Bàbá Aláago fún wọn. Wọ́n pè é, wọ́n bá a sọ̀rọ̀, ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n ní kó gbé mọ́tò rẹ̀ wá ní Mọ́ńdè, aago méje àárọ̀, kó bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ tó gba ìpè yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ló fá irùngbọ̀n rẹ̀.

Ẹ wá wo ayé. Wẹ́sidé tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn, mọ́tò ní òun ò lọ mọ́. Ẹ́ńjìnì á máa ké tantan, táyà ò ní yí. Mẹkáníìkì wa ti ṣubú, ó dá lápá, ó wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní ìlú òkèèrè. Ó gbọ́ igbe ẹ́ńjìnì náà lórí fóònù, ó ní kílọ́ọ̀ṣì ló ti jẹ tán, pé irú mọ́tò tiwa yìí, àfi kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ kí wọ́n tó lè pààrọ̀ rẹ̀.

Mo ní ká wá mẹkáníìkì mìíràn. Bàbá Aláago wò mí bí ẹni tó ní kó lọ yá ojú lò.

“Ìyá wọn, ọmọ ọlọ́mọ ni mo fẹ́ gbé. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi mọ gbogbo bóòtì tó di mọ́tò yẹn mú.”

“Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tún aago ṣe?”

“Ẹ́ńjìnì ò yàtọ̀ sí aago. Ó kàn jẹun ju aago lọ ni.”

Ní Tọ́sìdé, ó tẹ́ aṣọ ibùsùn funfun mi sílẹ̀ nínú àgbàlá, aṣọ tí mi ò jẹ́ kí àlejò sùn lé lórí. Ó to ìdérí ìgò sórí rẹ̀, ó fi pẹ́ńsùlù kọ nọ́ńbà sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ti tú bóòtì kan, á nù ún, á fi sínú ìdérí tirẹ̀, á sì kọ ibi tó ti yọ ọ́ sínú ìwé. Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n. Ẹ máà rẹ́rìn-ín, ó dé gíláàsì aago mọ́jú kó tó wo òmíràn. Wẹ́dà tó ń gbé ilé kejì gbé ṣéènì wá láti fi gbé ẹ́ńjìnì, ó fi í kọ́ irin tó gbé táńkì omi wa dúró. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ tú omi inú táńkì dànù, kí ẹrù má baà pọ̀ jù fún irin. Bí a ṣe di ẹni tó ń fi korobá wẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó fi máa di Fúráìdè, ẹ́ńjìnì ti wà lórí pákó, wáyà rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, èmi ò sì mọ ilé tí mo wà mọ́.

Fúráìdè yẹn ni wàhálà gan-an wọlé. Ó gbé àwo kílọ́ọ̀ṣì tuntun dání, nǹkan róbótó tí kò ju ìdérí ìkòkò lọ. Apá kan tẹ́jú. Àárín apá kejì wú síta. Ó gbé fóònù sórí agolo, ohùn mẹkáníìkì ń jáde.

“Bàbá Aláago, ẹ fara balẹ̀ níbi tẹ́ ẹ dé yìí o. Àwo yẹn ní ojú, ó ní ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kó kẹ̀yìn sí ẹ́ńjìnì, kó kọjú sí jíà.”

“Kó kẹ̀yìn sí ẹ́ńjìnì, kó kọjú sí jíà.” Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí. Fóònù bá já.

Èwo wá ni ojú, èwo ni ẹ̀yìn? Ó yí àwo náà síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní, “Ibi tó wú yìí, iké ni. Ẹ̀yìn ni iké sì máa ń wà. Èyí ni ẹ̀yìn.”

Mo ní, “Lójú tèmi, ikùn ni.”

“Àwo kílọ́ọ̀ṣì lóyún?”

“Mo ti gbé oyún mẹ́rin rí, mo mọ bí ikùn ṣe ń yọ. Iwájú nìyẹn.”

Ó rẹ́rìn-ín, wẹ́dà náà rẹ́rìn-ín. Mo bínú, mo wọlé. Àmọ́ kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ náà rú èmi náà lójú. Mo ń wo ọmọrí ìkòkò mi, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ojú rẹ̀ mọ́.

Bó ṣe rò ó ló ṣe fi í sí i. Ní Sátidé, oòrùn ò tíì kan àtàrí tí gbogbo nǹkan ti padà sáyè. Ìdérí ìgò mẹ́tàlélógójì ló ṣófo lórí aṣọ. Ó pè mí kí n wá wò ó, mo sì fojú ara mi kà wọ́n. Ó wọlé sínú mọ́tò, ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, ó ní kóun ti jíà sí i. Jíà lọ̀ bí ẹni ń jẹ òkúta, kò wọlé. Ó tún un ṣe. Mọ́tò ta gìrì nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí kílọ́ọ̀ṣì, ó fi imú gbá korobá ìwẹ̀ mi. Bàbá Aláago jókòó síbẹ̀. Mo bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, ó ní òun ò mọ̀. Mi ò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí lórí iṣẹ́ ọwọ́.

Àsìkò yẹn ni alásè pè mí, ó ní ṣé ìmúrasílẹ̀ ń lọ. Inú ń bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí. Mo ní, “Ìmúrasílẹ̀ kẹ̀? Ó tú ẹ́ńjìnì, ó tò ó padà, mọ́tò wá ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Bóòtì tó ṣẹ́kù sílẹ̀, a lè fi ṣe ọrẹ.” Òun náà rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Kò sí bóòtì kankan tó ṣẹ́kù. Mo kàn fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ ni, bí mo ṣe máa ń ṣe.

Àárọ̀ Sọ́ńdè la tó rí mẹkáníìkì bá sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ṣàlàyé iké fún un. Mẹkáníìkì ní, “Iké kẹ̀? Ikùn nìyẹn, Bàbá Aláago. Ibi tó yọ ikùn ni iwájú.” Mo kàn rọra ń fi ọwọ́ pa ikùn ara mi kiri àgbàlá. Ọkọ mi ní, “Ó ti tó, Ìyá wọn.” Wẹ́dà tún gbé ṣéènì wá, wọ́n sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n dojú àwo náà kọ ibi tó yẹ. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí mọ́tò fi lọ dé ìta, tó padà, láìfọhùn. Bóòtì mẹ́tàlélógójì, ìdérí mẹ́tàlélógójì. Ó kà wọ́n, mo bá a kà wọ́n. Mo rí eyín ọkọ mi lọ́jọ́ náà.

Mọ́ńdè, aago mẹ́fà ààbọ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó lọ. Aago mẹ́jọ ò tíì lù tó fi padà. Ó rọra ti ilẹ̀kùn mọ́tò, ó dúró síbẹ̀.

Mo ní, “Kí ló dé? Àwọn ọmọ ń kọ́?”

“Wọ́n ní kí n máa lọ. Ọ̀gá ní òun gbọ́ nílé ìdáná wọn láàárọ̀ yìí pé bóòtì ṣẹ́kù nígbà tí mo to ẹ́ńjìnì. Ó ní òun ò lè fi ọmọ ọlọ́mọ sínú irú mọ́tò bẹ́ẹ̀.” Ó yọ ìwé rẹ̀ lápò, ó ń wò ó. “Mo ní kò ṣẹ́kù. Ó ní ilé mi ni ọ̀rọ̀ ti jáde. Ta ló rí i nílé mi, Ìyá wọn? Wẹ́dà ni?”

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo mọ òwe yẹn, mo ti fi í bá àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wí. Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo wọlé, mo jáde, mo tún wọlé. Nígbà tí mo máa fi jáde lẹ́ẹ̀kẹta, ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó ti wà lábẹ́ mọ́tò, ó ń fi sípánà kan bóòtì níkọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè.

Mo dùbúlẹ̀ sórí símẹ́ńtì kí n lè rí ojú rẹ̀. Mo ní, “Bàbá Aláago, èmi ni. Èmi ni mo sọ ọ́ fún alásè. Mo fi dápàárá ni, irọ́ ni. Kò sí bóòtì kankan tó ṣẹ́kù. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká jọ lọ, kí n sọ ọ́ lójú wọn.”

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo rò pé á kígbe mọ́ mi, mo tilẹ̀ fẹ́ kó kígbe. Ó yíjú sí mi.

“Ṣé ó dá ọ lójú pé kò ṣẹ́kù?”

“Ó dá mi lójú. Ẹ̀yin náà kà á. A jọ kà á ni.”

Ó ní, “Jẹ́ kí n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i,” ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan.