Télọ̀ Tó Fi Téèpù Wọn Ṣéènì Alùpùpù

Bí irọ́ kan ṣoṣo bá wà nínú ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí, kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu títí n ó fi gbàgbé adùn iyọ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an ni mo ṣe kọ ọ́. N kò bù mọ́ ọn, n kò sì bù kúrò níbẹ̀.

Télọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ó-Bá-a-Mu, nítorí pé aṣọ tó bá rán kì í tóbi, kì í sì í fún. Ó ní ìyàwó kan, alásè ní ilé ìwòsàn, obìnrin tó sanra dáadáa, tó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún ní alùpùpù kan. Láràárọ̀, ìyàwó á jókòó sẹ́yìn, ọkọ á gbé e lọ síbi iṣẹ́, á padà wá ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n ti ń bá a bọ̀ bẹ́ẹ̀, wọn kò jà rí.

Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó-Bá-a-Mu jókòó lọ́jọ́ kan, ó ń wo bí mẹkáníìkì ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì alùpùpù rẹ̀. Ó wò ó títí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé gbogbo iṣẹ́ náà nìyẹn, pé òun tí òun ti ń tú ẹ̀rọ ìránṣọ palẹ̀ láti ìgbà tí mẹkáníìkì ṣì ń fi apá aṣọ nu imú, kí ni òun tún ń gbé alùpùpù òun wá síbẹ̀ ṣe.

Mẹkáníìkì ní, "Bàbá, ẹ̀rọ ìránṣọ kì í gbé èèyàn sáré o."

Télọ̀ ní kò mọ̀ ni, pé tòun ti gbé òun láti ipò ọmọṣẹ́ dé ipò ọ̀gá.

Báyìí ló di pé ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ń tẹ́ ẹní sí ẹ̀yìnkùlé. Ká sọ tòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Á kọ́kọ́ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí ọ́ìlì inú rẹ̀ lè gbóná kó sì ṣàn. Á wá ti abọ́ àlòkù sábẹ́ rẹ̀, á tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ọ́ìlì dúdú á máa dà jáde bí ẹjọ́ lẹ́nu aláròyé, á dé nọ́ọ̀tì padà, á da ọ́ìlì tuntun sí i. Á yọ fóòmù tó ń sẹ́ eruku, á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, á sá a síbòòji bí aṣọ olówó ńlá. Á yọ pọ́lọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ẹnu rẹ̀ títí á fi dán. Nọ́ọ̀tì tó bá tú, orí páálí ló ń tò wọ́n sí bíi bọ́tìnnì, á fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sí aṣọ kọ ibi tí kálukú ti wá. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ parí iṣẹ́ yìí, ẹ́ńjìnnì náà rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ kan fi gorí rẹ̀ lọ yé ẹyin nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Ṣéènì ló fẹ́ fi í ṣẹlẹ́yà. Ní Ọjọ́rú kan, lójú òkè tó wà níwájú ilé ìwòsàn, ṣéènì tó ti dẹ̀ bọ́ kúrò lórí kẹ̀kẹ́ eléyín tó ń yí i. Alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn. Ìyàwó bẹ́ sílẹ̀, àádọ́ta ṣíbí tó wà nínú àpò rẹ̀ sì dà sójú títì. Kò bínú. Ó ṣa ṣíbí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wọlé lọ. Ìtìjú mú télọ̀, ó sì búra pé ṣéènì náà kò tún ní bọ́ mọ́ láyé.

Ọ̀tá kan ṣoṣo ni télọ̀ ní, òun náà ni ohunkóhun tó bá dẹ̀. Okùn tó dẹ̀ ló ń ba ojú ìránṣọ jẹ́. Nígbà tí Àbámẹ́ta dé, ó tú nọ́ọ̀tì táyà ẹ̀yìn, ó fa táyà sẹ́yìn, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ọ̀tún àti òsì kí ó má baà wọ́, ó sì fa ṣéènì le títí tó fi jẹ́ pé bí eṣinṣin bá bà lé e, á ró gbọnran.

Lọ́jọ́ Ajé, alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Igbe náà kì í ṣe kékeré. Ó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń fa létí, ajá mẹ́ta ń dá a lóhùn, ọmọ ọwọ́ kan sì jí ní òpópónà kejì, ó bi ìyá rẹ̀ pé ta ló kú. Wọn kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí ìyàwó fi ní kí ó dúró. Ó ní ohun tó bá ń ké báyìí ti rí nǹkan, òun kò sì fẹ́ bá a rí i. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn. Ó-Bá-a-Mu rò pé ṣéènì kò tíì le tó ni. Ó tún fà á, igbe sì tún gòkè.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ìyàwó fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́, tòun ti orúnkún tó ń dùn ún. Á gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, á kí ọkọ rẹ̀ kú iṣẹ́, á máa tiro lọ. Ó sàn kó bú u. Nígbà tí wọ́n jẹun tán lọ́jọ́ Ẹtì, ó wá là á mọ́lẹ̀.

"Bàbá wọn, mo ti ránṣẹ́ sí mẹkáníìkì. Ọ̀la ló máa wá fi okùn fà á lọ. Bó bá ti fà á lọ, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀yin ẹ máa rán ṣòkòtò, kí òun máa tún alùpùpù ṣe."

Télọ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún òun láàyè di ìgbà tí mẹkáníìkì bá dé. Láti òwúrọ̀ Àbámẹ́ta ló ti dọ̀bálẹ̀ ti alùpùpù. Ó fi kẹrosíìnì fọ ṣéènì, ó fi àjákù aṣọ nù ún, ó kán ọ́ìlì sí i, ó gùn ún yí ilé ká. Igbe kan náà ni. Ìyàwó jáde wá wò ó, òkúta kékeré sì kó sí bàtà rẹ̀. Kò rí àga, ló bá fìdí lé ẹ̀yìn alùpùpù láti gbọn bàtà náà. Súpíríǹgì ẹ̀yìn rì, ṣéènì ké kín-ín. Ojú télọ̀ ló ṣe nígbà tí ṣéènì nà gbọnrangandan bí ohun tó fẹ́ já. Bí ìyàwó ṣe dìde, ṣéènì mí.

Ọwọ́ télọ̀ dúró. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń sọ fún àwọn ọmọṣẹ́ pé ẹni tó bá wọn ìdí ṣòkòtò lórí ìdúró nìkan, ọjọ́ tí oníbàárà bá jókòó níwájú àna rẹ̀ ni wọn yóò gbọ́ fàà. Òun náà rèé, orí ìdúró ló ti wọn ṣéènì.

"Ìyá wọn, jọ̀ọ́, padà jókòó."

"Lórí èyí tó ń ké yìí?"

"Jókòó dáadáa, bí ìgbà tí a bá ń lọ síbi iṣẹ́ ẹ. Mo fẹ́ wọ̀n ọ́n ni."

Ìyàwó fajú ro, nítorí pé kì í jẹ́ kí téèpù sún mọ́ ìdí rẹ̀. Ọkọ fi í lọ́kàn balẹ̀ pé ara ṣéènì ni téèpù ń lọ. Ìyàwó wá bèèrè ìdí tó fi jẹ́ òun ni wọ́n fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n.

"Ìwọ nìkan ni ẹrù tí mo mọ bó ṣe wúwo tó láìgbé e sórí ìwọ̀n."

Ìyàwó fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Ó gun alùpùpù, ó gbé abọ́ àlùbọ́sà lé itan, ó ń bó o lọ. Báyìí ni mẹkáníìkì ṣe bá wọn, tòun ti okùn léjìká: ìyá lórí alùpùpù, bàbá ní ìdọ̀bálẹ̀, téèpù lára ṣéènì. Ó rẹ́rìn-ín títí okùn fi bọ́ sílẹ̀.  Télọ̀ ń dẹ ṣéènì díẹ̀díẹ̀, títí tó fi ń rí àyè mí díẹ̀ bí ìyàwó tilẹ̀ jókòó lórí alùpùpù. Ó wá ní kí ìyàwó sọ̀kalẹ̀, ó wọn ṣéènì: ínṣì kan ni ṣéènì fi ń jó sókè sódò. Ó dé nọ́ọ̀tì pa.

Mẹkáníìkì bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka ti ṣéènì sókè, ó tì í sílẹ̀, ẹ̀rín sì tán lẹ́nu rẹ̀. Ó bèèrè ẹni tó kọ́ bàbá.

"Ìyàwó mi ló jókòó kọ́ mi."

Ìyàwó ní kí mẹkáníìkì ká okùn rẹ̀, kó máa lọ ná. Ó ní òun á gùn ún lọ́jọ́ Ajé, bó bá fi lè ké, kí ó padà wá fà á.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n gbéra. Kò sí igbe, kò sí ajá. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ òkè, ìyàwó tẹ ọkọ lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Télọ̀ rò pé ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀. Ìyàwó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tan ẹ́ńjìnnì ni. Wọ́n gun òkè náà dé orí, wọ́n sì bá géètì ní títì pa, nítorí aṣọ́nà tó máa ń gbọ́ alùpùpù láti òpópónà kẹta kò gbọ́ ohunkóhun. Ìgbà tó gbójú sókè tó rí èèyàn méjì níwájú rẹ̀, ó fò dìde, ó gbé ọwọ́ síwájú orí bíi sójà.

Ìyàwó sọ̀kalẹ̀, ó tún aṣọ ara rẹ̀ ṣe.

"Bàbá wọn, ẹ má pẹ́ nírọ̀lẹ́ o. N ò ní fẹsẹ̀ rìn bọ̀ wá sílé mọ́."

Aṣọ́nà náà ṣì wà láàyè, kò sì tíì kúrò lẹ́nu géètì. Elétí-Ehoro ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ń jiyàn kó lọ bi í. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún wọn.