Ẹ̀rọ Tó Ka Ìyá Ìbejì Mẹ́ta sí Ẹnì Kan

Kí ẹnikẹ́ni má wí fún mi pé kọ̀ǹpútà kì í ṣàṣìṣe. Èmi tí mo jókòó tì í fún odidi ọdún mẹ́rin ní Ṣakí, èmi ni kí ẹ bi. Mo ti bú u rí. Mo ti gbá a létí rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní etí. Inú ṣì ń bí mi títí di òní, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á.

Ọ́fíìsì kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́yìn ọdún 1985 díẹ̀. Iṣẹ́ táípù ni wọ́n gbà mí sí. Nígbà tí ẹ̀rọ náà dé láti Ìbàdàn, tí wọ́n fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé e nínú ọkọ̀ bí ọmọ tuntun, ọ̀gá wa wo gbogbo wa kiri, ó ní èmi tí ọwọ́ mi yá ni kí n lọ kọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ́ ọ. Ìgbà tí mo padà dé, Àǹtí Kọ̀ǹpútà ni gbogbo ènìyàn ń pè mí. Orí mi wú, n kò ní purọ́.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí wá ṣe lọ́dọ̀ wa kò ju ẹyọ kan lọ: kó to orúkọ àwọn àgbẹ̀ tí yóò gba ajílẹ̀ òyìnbó. Èmi yóò tẹ orúkọ àti agbo ilé sínú rẹ̀, òun yóò tò ó, yóò sì tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà tó ní ihò wẹẹrẹ létí méjèèjì. Bébà oníhò yẹn yóò lọ gba òǹtẹ̀ n'Ìbàdàn, yóò padà wá, ọkùnrin tó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ yóò sì máa wò ó pín àpò. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, kó máa lọ sílé.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Nílùú tiwa, obìnrin tó bá ti bímọ nílé ọkọ, ta ló tún ń pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́? Ìyá Lágbájá ni. Bó bá wá lọ bí ìbejì, ó parí, Ìyá Ìbejì ni yóò máa jẹ́ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Òṣìṣẹ́ wa tó gun alùpùpù kiri agbo ilé láti forúkọ àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀, ọmọ ilẹ̀ wa ni. Bí wọ́n ṣe pe kálukú fún un ló ṣe kọ ọ́. Nínú agbo ilé kan báyìí, ìyàwó ilé mẹ́ta ló bí ìbejì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ń dáko. Ó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Ìyá Ìbejì, agbo ilé kan náà, ó fún kálukú ní káàdì tirẹ̀ tó ní òǹtẹ̀ Ìbàdàn. Ta ni yóò rí àléébù nínú ìyẹn? Gbogbo wa la mọ̀ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ̀rọ kò mọ̀ wọ́n. Mo tẹ àkọ́kọ́, ó gbà á. Mo tẹ ìkejì, ó gbà á. Mo tẹ ìkẹta, ó gbà á. Kò ké, kò fọhùn. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìgbà tí orúkọ àti agbo ilé bá ti bára mu, ńṣe ló ń fi ti ìkẹyìn bo ti ìṣáájú mọ́lẹ̀. Bí àwọn tó kọ ètò rẹ̀ ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Èmi kò sì mọ̀, nítorí ta ló fẹ́ jókòó máa ka orúkọ rẹpẹtẹ lẹ́yìn tí ẹ̀rọ ti tò ó tán?

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí, opó ni. Ọkọ rẹ̀ kú ní ọdún tó ṣáájú, ó fi ìbejì ọlọ́dún méje sílẹ̀ fún un, àti oko kan lọ́nà Ìgànná. Àwọn ẹbí ọkọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní kò burú, kó máa dá oko náà, àmọ́ bí àgbàdo ọdún yẹn kò bá ṣe dáadáa, oko yóò bọ́ sọ́wọ́ àbúrò ọkọ rẹ̀. Ọdún kan péré ni wọ́n fún un. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀, èmi náà mọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pín àpò, ìyálé nínú àwọn mẹ́ta yìí ló kọ́kọ́ dé sítọ́ọ̀, ó gba tirẹ̀, ó gbé e lọ. Nígbà tó kan opó, ó na káàdì. Ọlọ́sítọ́ọ̀ ní, "Ìyá Ìbejì ti gbà."

"Ìyá Ìbejì wo?"

"Ẹyọ kan ló wà níbí. Ó ti wá, ó ti gbà. Àbí ẹ fẹ́ gba ẹ̀ẹ̀mejì ni? Ẹ yàgò fún ẹni tó wà lẹ́yìn yín."

Àwọn tó tò sẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan tilẹ̀ pariwo olè. Obìnrin yìí kò bá wọn jà, kò sunkún. Ọ́fíìsì mi ló gbà wá tààrà, ó gbé káàdì rẹ̀ lé orí ẹ̀rọ, ó ní, "Àbúrò mi, bá mi bi í pé ta ni mí."

Mo tẹ orúkọ náà wò lẹ́ẹ̀kan, mo tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ojú mi ló sì ṣe tó fi pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé a ó tún un ṣe. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Fọ́ọ̀mù kan wà tí a fi ń ròyìn àìsàn ẹ̀rọ, ẹ̀dà mẹ́ta pẹ̀lú bébà dúdú láàárín. Mo kọ ohun tí mo tẹ̀, mo kọ ohun tí ẹ̀rọ ṣe, mo kọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ọmọdé yóò kà á, yóò yé e. Dírẹ́bà wa gbé e lọ s'Ìbàdàn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èsì dé: "Ẹ̀rọ kò ní àbùkù. Kí òṣìṣẹ́ yín tún bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yẹ̀ wò." Háà! Èmi tí mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi! Mo tún kọ òmíràn, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ tẹ orúkọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ wò ó. Wọn kò dáhùn, mo sì ń kọ òmíràn lé e. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ ṣe tán láti tẹ orúnkún.

Gbogbo ọjọ́ ọjà ni obìnrin náà ń yà sọ́dọ̀ mi. Ìyálé ti bu igbá méjì fún un nínú tirẹ̀, ṣé igbá méjì tó oko? Kò sí ajílẹ̀ lọ́jà lọ́dún yẹn, èyí tó bá sì wà, ọwọ́ opó kò tó o. Ó ní ewé àgbàdo òun ti ń pọ́n láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè. Mo lè fi eyín ya ẹ̀rọ yẹn jẹ.

Mo wá dọ́gbọ́n sí i. Mo pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ní kí n fi nọ́ńbà sẹ́yìn orúkọ wọn, kí ẹ̀rọ lè rí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyálé ní òun ni ení, kò sẹ́ni tó jiyàn. Ìyàwó tó kéré jù nínú wọn ní kí ló dé tí òun yóò fi jẹ́ ẹ̀ta, ṣebí ìbejì tòun ṣáájú ti opó dáyé? Wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ìjà mọ́ mi lọ́wọ́ nínú ọ́fíìsì. Opó ní, "Ẹ pè mí ní ẹ̀wá bó bá wù yín, kí n ṣáà ti gba àpò." Mo tẹ̀ ẹ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, mo jó yí tábìlì ká. Bébà lọ s'Ìbàdàn, ó padà. Ẹnì kan ti fi bírò pupa fa igi lé orúkọ ẹni kejì àti ẹni kẹta lórí, ó kọ ọ́ sétí ìwé pé, "Orúkọ ènìyàn kì í ní nọ́ńbà. Kí òṣìṣẹ́ yìí yé fi ẹ̀rọ ìjọba ṣeré." Mo pariwo débi pé ọ̀gá mi sáré jáde.

Mo sọ fún opó pé ó dáa, ẹ sọ orúkọ tí bàbá yín sọ yín fún mi. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é bẹ́ẹ̀. Ìyẹn gba òǹtẹ̀. Ìyẹn padà wá. Èmi fúnra mi mú obìnrin náà dé sítọ́ọ̀. Ọlọ́sítọ́ọ̀ wo bébà, ó wo káàdì, ó ní orúkọ méjèèjì kò bára mu. Mo ní, "Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? Ṣebí ògiri kan ló pín ilé ìwọ àtàwọn níyà!" Ó ní, "Mo mọ̀ wọ́n, Àǹtí. Bébà ni kò mọ̀ wọ́n." Ohun tí mo fi èébú ṣe fún ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ náà, kò ṣeé kọ síwèé.

Káàdì tuntun ńkọ́? Ìbàdàn náà ló ń fún ni. A kọ̀wé béèrè rẹ̀. Kó tó dé, òjò ti lọ, àgbàdo ti yọ irùkẹ̀rẹ̀, ó ti tán. Ọmọ tó so kò ju àtàǹpàkò lọ. Àwọn ẹbí lọ wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n ní àwọn ti sọ tẹ́lẹ̀. Kí oṣù tó yí, àbúrò ọkọ rẹ̀ ti ń kọ ebè tábà síbẹ̀.

Ẹ̀yìn èyí ni ẹni tó kọ ètò inú ẹ̀rọ náà wá dé láti Ìbàdàn, ọmọkùnrin kan tó wọ awò ojú. Kì í ṣe nítorí tiwa ló ṣe wá. Nǹkan mìíràn ló wá fi sí ẹ̀rọ náà lára. Mo tì í mọ́ inú yàrá, mo ránṣẹ́ pe àwọn obìnrin mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ní, "Ọ̀gá, Ìyá Ìbejì nìyí. Ìyá Ìbejì nìyí. Ìyá Ìbejì nìyí. Èwo nínú wọn lẹ ní kí n pa rẹ́?"

Ó wò wọ́n, ẹnu rẹ̀ là. Ó ní, "Màdáámù, kò sẹ́ni tó sọ fún mi."

Kò sẹ́ni tó sọ fún un! Mo kó ẹ̀dà gbogbo fọ́ọ̀mù tí mo kọ lé e lẹ́sẹ̀. Méje ni. Ó kà á títí, ó ní kò dé ọwọ́ òun, ojú sì tì í lóòótọ́. Ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Omi tí mo gbé kaná fún tíì kò tíì hó tó fi ní ó ti tán. Gbogbo ìyẹn ò ju bẹ́ẹ̀ lọ! Ó ní kí n tẹ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ṣe wà nínú káàdì, mo tẹ̀ ẹ́, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì hàn.

Opó ní kí n ka tòun fún òun. Mo kà á: Ìyá Ìbejì, agbo ilé wọn, oko ọ̀nà Ìgànná.

Ó ní, "Pa á rẹ́."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti dáa báyìí o. Ó ti mọ̀ yín."

Ó ní, "Oko wo ni mo fẹ́ da ajílẹ̀ sí? Pa á rẹ́, kí wọ́n má tún pè mí lólè."

Mo wo ọmọkùnrin yẹn, ó gbójú sílẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ tó pa á rẹ́ fúnra rẹ̀ láti ìgbà ọ̀gbìn tí kò bi ẹnikẹ́ni, ó wá dúró, ó ń bi mí pé ṣé ó dá mi lójú.

Mo tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni."