Ẹ̀mí Èṣù Tí Kò Ní Ìyá

“Ìkìlọ̀: bí o bá ka ìwé yìí tán, ìwọ náà yóò nífẹ̀ẹ́ ọ̀tá rẹ.”

Èmi ni mo tẹ gbólóhùn yìí sẹ́yìn ìwé kan lóṣù tó kọjá. Ẹni tó ni ìwé náà ní kí n fi lẹ́tà pupa ṣe é, kí ó lè tètè fa ojú mọ́ra. Gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ nínú ilé mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí.

Iṣẹ́ mi ni kí n gba ìwé tí ènìyàn fọwọ́ kọ, tàbí èyí tó kọ sórí fóònù, kí n tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, kí n sì tò ó bí yóò ṣe rí lójú ewé. Ṣómólú ni mo ti kọ́ ọ lẹ́yìn tí mo ka ìwé mẹ́wàá tán, ibẹ̀ náà ni mo sì wà títí di òní. Ohun tí ọ̀gá mi máa ń pariwo sí mi létí jù ni pé, “Fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀bẹ.” Lẹ́yìn tí a bá tẹ ìwé, ẹ̀rọ kan wà tí ń gé etí rẹ̀ kí ó lè gún régé. Bí ọ̀rọ̀ tàbí àwòrán bá sún mọ́ etí jù, ọ̀bẹ á mú un lọ.

Tẹ́lẹ̀, ìwé àdúrà àti káàdì ìgbéyàwó ló pọ̀ lọ́wọ́ mi. Nígbà tó yá ni ìwé ìfẹ́ láàárín áńgẹ́lì àti ẹ̀mí èṣù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ìtàn wọn kò yàtọ̀ síra. Ọmọbìnrin ni áńgẹ́lì, ọmọkùnrin ni ẹ̀mí èṣù. Wọ́n á bú ara wọn, wọ́n á yọ idà síra. Òjò á wá rọ̀, wọ́n á sá wọ ilé kan, ibùsùn kan ṣoṣo ló sì máa ń wà níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìfẹ́ ti dé. Ní àdúgbò wa, ènìyàn márùn-ún lè sùn sórí ibùsùn kan láti ọdún dé ọdún, ẹ̀yìn ríro nìkan ni wọ́n máa ń bá jí.

Ẹ̀mí èṣù yìí a máa ní ilé ńlá, kì í níṣẹ́, kì í sì í jáde lọ́sàn-án. Ní Bárígà, a mọ irú ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀. A kì í pè é ní ọmọ ọba ọ̀run àpáàdì. Àwọn ọlọ́pàá ní orúkọ tí wọ́n ń pè é.

Mo bi ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé náà, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Akọka tó ń jẹ́ Títí, pé ta ni bàbá ọkọ ìyàwó.

“Mọ́mì, ẹ̀mí èṣù ni. Kò ní bàbá.”

“Ìyá rẹ̀ ńkọ́?”

“Kò ní ìyá.”

“Lọ́dọ̀ ta wá ni wọ́n ti máa wádìí rẹ̀?”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mi mú. Ó ní áńgẹ́lì náà kò kúkú ní ìyá, ta ló fẹ́ lọ wádìí. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi.

Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí, ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Ṣeun. Ó ti lé ní ogún ọdún, ó ń kọ́ṣẹ́ yíya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tiwa. Lọ́jọ́ kan, ó fi ìbínú wọlé. Ẹbùn, ọmọkùnrin tó ń gé ìwé ní òpópónà wa, ti fi ọ̀bẹ gé orí màmá olóògbé kúrò lára gbogbo kàlẹ́ńdà ìsìnkú tí Ṣeun yà.

“Mọ́mì, ẹ̀mí èṣù ni bọ̀bọ́ yẹn. Mo kórìíra ẹ̀.”

Àìmọye ìgbà ni mo ti tẹ gbólóhùn yẹn gan-an. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ló máa ń wà, mo sì mọ ohun tó máa ń wà ní ìparí. Mi ò mọ ará ilé ọmọkùnrin náà kankan, ọmọ kan náà ni mo sì ní. Mo rò ó pé bó bá jẹ́ ìkórìíra ni irúgbìn ìfẹ́, kí n yára fà á tu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yin Ẹbùn. Mo ní ọmọ dáadáa ni, pé ó lè jẹ́ Ṣeun ni kò fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀bẹ. Mo ní kí ó máa kí i láàárọ̀ bí ọmọlúàbí, kí ọ̀rọ̀ náà lè tutù pátápátá. Bí òjò bá ṣú, mo ti ń sáré gbé agbòjò lọ fún Ṣeun, kí àwọn méjèèjì má baà sá sábẹ́ òrùlé kan.

Ọmọ mi gbọ́ràn. Ó ń kí i. Ó ní kí ó fi ibi tí ọ̀bẹ ń gbà han òun. Kí n tó mọ̀, inú abọ́ kan ni wọ́n ti ń jẹun ọ̀sán. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó wò mí tìyanu-tìyanu.

“Mọ́mì, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ọmọ dáadáa ni.”

Mo wá ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe nínú ìwé wọ̀nyẹn: mo wọ kẹ̀kẹ́, mo lọ wádìí. Ará Ìlàjẹ ni wọ́n, etí ọ̀sà ní Bárígà ni ìyá Ẹbùn ti ń yan ẹja tà. Mo ṣe bí oníbàárà, mo ń yẹ ẹja wò. Obìnrin náà wò mí látòkè délẹ̀, ó fi èdè wọn sọ nǹkan sí ẹni tí wọ́n jọ jókòó, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín.

“Ẹ jókòó, Ìyá Ṣeun.”

Mo bi í pé ibo ló ti mọ̀ mí.

“Mo ti wá wò yín ní Ṣómólú. Mo díbọ́n pé mo fẹ́ tẹ káàdì. Ẹ̀yin lẹ bi mí pé ṣé lẹ́tà ńlá ni mo fẹ́ àbí kékeré.” Ó yí ẹja kan padà lórí iná. “Ọmọ mi ló wọlé lọ́jọ́ kan tó ní ẹ̀mí èṣù kan wà lọ́nà iṣẹ́ òun tí kì í fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀bẹ. Ọkàn mi ò balẹ̀.”

Èéfín ń ta mí lójú, ṣùgbọ́n mo ríran dáadáa. Nínú ilé mi, ọmọ mi ni áńgẹ́lì. Nínú ilé tirẹ̀, ọmọ mi ni ẹ̀mí èṣù. Ó bi mí bóyá Ṣeun máa ń bínú pẹ́. Mo bi í bóyá Ẹbùn ń mutí. Ó béèrè àìsàn ìdílé wa, mo béèrè tiwọn. A jókòó títí ẹja fi gbẹ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà kò tíì di ìgbéyàwó, ẹ̀rù ò sì tíì kúrò lára mi. Ṣùgbọ́n bí Ẹbùn bá pa ọmọ mi lẹ́kún, mo mọ ilé tí mo máa lọ. Ìyá rẹ̀ náà mọ ilé mi.

Mi ò ní kí ẹ má ra ìwé wọ̀nyẹn mọ́, nídìí rẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé, bí ẹ bá pàdé ẹni tó kọ ọ́, ẹ bá mi bi í: ta ni ìyá ọmọkùnrin yìí, ibo la sì ti lè rí i?