Òkú Tí Nàfísátù Kò Jẹ́ Kí Wọ́n Sin

Ní àdúgbò Bè-Kpota, Nàfísátù ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè bí obìnrin mùsùlùmí bá kú. Òun ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń di aṣọ funfun mọ́ wọn lára, kò sì gbà kí òkú pẹ́ nílé. Bí ẹbí kan bá bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró de ọmọ tó ń bọ̀ láti Kútọnu, yóò bu omi sínú búùtà, yóò ní, "Ẹni tó ń lọ sílé kì í dúró de àlejò." Wọn kì í bá a jiyàn.

Rídúwánù ọkọ rẹ̀, ọmọ Nàgó láti Kétu, ń fi alùpùpù kó èrò. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, òun àti ọlọ́pàá kan fa ọ̀rọ̀ lórí ìwé ọkọ̀ ní Akodessewa, wọ́n sì tì í mọ́lé. Nàfísátù gbé oúnjẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n gba oúnjẹ, wọn kò jẹ́ kó rí ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ ọlọ́pàá gbé òkú wálé. Wọ́n ní òòyì gbé e, ó ṣubú, ó kú.

Aṣọ funfun ti wà lára rẹ̀.

"A ti bá yín wẹ̀ ẹ́, madame," ni ọlọ́pàá tó tẹ̀ lé e wí. "A mọ̀ pé ẹ̀yin mùsùlùmí kì í fi òkú falẹ̀."

Àlùfáà Kàsúmù, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ti ní kí wọ́n gbẹ́ sàárè. Nàfísátù kò sunkún. Aṣọ náà ló ń wò. Orí, ìbàdí àti ẹsẹ̀ ni òun máa ń dì. Ẹni tó di èyí di ọrùn pẹ̀lú, ó sì fún pinpin.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Wọ́n ní àwọn ni."

"Ẹni tó bá wẹ òkú mùsùlùmí máa ń ní orúkọ."

Nàfísátù kúnlẹ̀ ti òkú náà.

"Aya lẹ́tọ̀ọ́ láti wẹ ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

Ó tú kókó ọrùn. Àmì dúdú kan yí ọrùn náà po, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ipa okùn. Kàsúmù wò ó, ó sì kọjú sí ògiri.

"Mo ti rí i, ìyàwó wa. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé e fún dókítà, ọ̀bẹ ni wọn yóò fi là á. Ọlọ́run yóò bi wá."

"Èmi ni kó bi." Ó da omi tó wà nínú búùtà sílẹ̀. "Bí a bá sin ín lónìí, a sin ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú."

Báyìí ni wọ́n ṣe gbé Rídúwánù lọ sí ilé ìgbókùúsí, tí Nàfísátù kò sì lè jókòó mọ́. Bí wọ́n bá pe ìrun, yóò dìde, yóò na ọwọ́ sí búùtà, yóò tún gbé e kalẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ó di iwájú àgọ́ ọlọ́pàá. Àwọn obìnrin àdúgbò wá jókòó síbẹ̀, àwọn ọlọ́kadà dé, ó di èrò. Wọ́n ń béèrè orúkọ àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru ọjọ́ náà, àti dókítà tí kì í ṣe ti ọlọ́pàá.

Ọ̀gá kan jáde. "Ẹ máa lọ sílé. Òòyì ló gbé e."

"Òòyì wo ló ń mú okùn rìn, ọ̀gá?" ni Geneviève, onídìrí tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé wọn, bi í. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kejì, Kàsúmù wá sí iwájú àgọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀gá náà pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn gbọ́: dókítà yóò wò ó, yóò kàn pẹ́ ni, bí ẹbí bá sì fẹ́, kí wọ́n wá gba òkú wọn báyìí, kí wọ́n sin ín kí Alásàrì tó tó.

Nàfísátù dìde dúró. Ìkánjú sin òkú tó ti ń rọ àwọn ẹlòmíràn sí láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ń fi lọ̀ ọ́ yìí. Kàsúmù wò ó títí, ó sì yíjú sí ọ̀gá.

"Ẹni tó ń lọ sílé yóò dúró," ó ní.

Ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Nàfísátù jókòó sí etí ẹní náà, ó sì tún dìde.