Tábò Ràṣídì àti Òkè Sọ̀kalẹ̀-Tì-Í

Bí mọ́tò bá ń kọjá níwájú ilé ní Ẹdẹ, ariwo lásán ni àwa yòókù máa ń gbọ́. Ti Ràṣídì Àtàndá yàtọ̀. Bí ìyá ọmọ ṣe ń gbọ́ ẹkún, tó mọ èyí tí ebi fà yàtọ̀ sí èyí tí èèrà fà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Á mú sukudíráfà gígùn kan, á fi ṣóńṣó rẹ̀ kan irin ẹ́ńjìnnì, á fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí, á sì dijú pẹ̀ẹ́. Nígbà tó bá lajú, á sọ àìsàn tó ń ṣe mọ́tò náà, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, àti irú epo burúkú tí awakọ̀ ń rà sí i. Àwọn awakọ̀ kan kì í jẹ́ kó gbọ́ ọkọ̀ wọn lójú ọ̀gá wọn.

Ìkóríta Ṣẹ́kọnà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, lábẹ́ igi máńgòrò kan tí ọ́ìlì ti sọ ìdí rẹ̀ di dúdú. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín àwàdà rẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán. Kò sí ẹ́ńjìnnì tó wù ú bí olórí mẹ́fà, èyí tí sílíńdà rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò tẹ̀léra. Ọdún 1985 ni ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tí sójà ń fi kóbókò kọ́ wa bí a ṣe ń tò fún ṣúgà àti ọṣẹ, tí páàtì mọ́tò sì ṣọ̀wọ́n bí ojú. Ràṣídì a ní nínú gbogbo Nàìjíríà, sílíńdà mẹ́fà nìkan ló ń tò láìjẹ́ pé wọ́n nà án. Wọ́n á ní kó rọra, ògiri létí. Á dáhùn pé abẹ́ igi ni òun wà, kò sí ògiri níbẹ̀.

Ohun kejì tó wù ú láyé ni Mojísọ́lá, aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì. Ìyẹn náà fẹ́ ẹ, kò sì fi bò. Ìyá rẹ̀ ni ìṣòro. Àlàájà Àdùnní, oníṣu, obìnrin tó sanra tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò rí ìdí tí òun fi máa fa ọmọ lé ọkùnrin tí gbogbo aṣọ rẹ̀ dúdú lọ́wọ́. Àlàájà ní lọ́rì àtijọ́ kan tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì, olórí mẹ́fà, tí wọ́n kọ MÁ KÁNJÚ sí níwájú. Lọ́rì náà gba ìmọ̀ràn yẹn gbọ́ tọkàntọkàn. Lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, òkè kan wà tí àwọn èrò sọ ní Sọ̀kalẹ̀-Tì-Í. Bí lọ́rì náà bá gbé iṣu dé ìdajì òkè, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, èrò á bọ́ sílẹ̀, Àlàájà á ká ìró sókè, á sì fi èjìká ti ìdí mọ́tò ara rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń tì í.

Lọ́jọ́ kan, gásíkẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ tọ́ọ̀pù sílíńdà, ìdérí ẹ́ńjìnnì lọ́rì náà, jó. Àlàájà gbé e wá fún Ràṣídì pé kó pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, kò ní kó ṣe nǹkan mìíràn. Òun gba Ìwó lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, níbi tí ọmọ rẹ̀ àgbà ti bímọ. Ó fi ajá ṣọ́ ẹran nìyẹn.

Gásíkẹ́ẹ̀tì kò sí lọ́jà láti Òṣogbo dé Ìbàdàn. Ràṣídì ra pẹlẹbẹ bàbà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ, ó gé e, ó sì lu ihò rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ibi tó ti ń wọn bàbà mọ́ tọ́ọ̀pù sílíńdà ló ti ti ìka bọ ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ó sì bá irin inú rẹ̀ ní gbágungbàgun. Ó sáré sọdá lọ sọ fún Mojísọ́lá pé imú ló dí mọ́tò màmá rẹ̀ láti ọjọ́ yìí. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni rí owó he. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi fáìlì fá ihò méjèèjìlá, èyí tí atẹ́gùn ń gbà wọlé àti èyí tí èéfín ń gbà jáde, ó sì fi sáńdìpépà dán wọn títí ọwọ́ fi ń yọ̀ lára wọn.

Bó ṣe fá a tán, ó rántí tábò kan tó yọ lára òkú tìrélà, tó fi aṣọ wé sábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó rí bí ìkarahun ìgbín. Èéfín tí ẹ́ńjìnnì ń tú dà nù ni yóò máa yí abẹ̀bẹ̀ kan nínú rẹ̀, èkejì abẹ̀bẹ̀ náà á sì máa ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì tipátipá. Ràṣídì ní ohun tí à ń dà nù gan-an ló máa gbé wa gòkè. Ó fi iná wẹ́ẹ̀dì jó o mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó dè é, ó fi páìpù bíréèkì fa ọ́ìlì sí i. Nígbà tó tan án, tí tábò súfèé, ó jó yí lọ́rì náà ká lẹ́ẹ̀mẹta.

Àlàájà dé, ó ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó wo ìgbín onírin náà títí. Kó tó béèrè ohunkóhun, Ràṣídì ti dọ̀bálẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni àyà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Irin tí a ti fá kì í hù padà, kò sì sí tọ́ọ̀pù sílíńdà mìíràn lọ́jà. Bí èyí ò bá ṣiṣẹ́, lọ́rì ti di ilé adìẹ. Àlàájà ò tilẹ̀ pariwo, ìyẹn ló tún wá bani lẹ́rù jù.

"Ràṣídì, o fẹ́ ọmọ mi, o sì ti tú mọ́tò mi," ó sọ. "A ó kó iṣu kún un lọ́jọ́ Àlàmísì. Ìwọ lo máa wà á, èmi á jókòó tì ọ́. Bí ẹsẹ̀ mi bá kan ilẹ̀ lórí òkè yẹn, má jẹ́ kí n tún rí òjìji rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mojísọ́lá. Bí kò bá kàn án, kó àwọn èèyàn rẹ wá."

Ọjọ́ Àlàmísì pé. Wọ́n kó iṣu kún lọ́rì dẹ́nu ní Alájue, Mojísọ́lá àti alábàárù méjì gun orí iṣu, Àlàájà jókòó níwájú pẹ̀lú tẹ̀sùbáà. Ohun kan wà tí Ràṣídì ò rò tẹ́lẹ̀. Agolo asẹ́ atẹ́gùn tó yẹ kó bo ẹnu tábò náà, kó sì pa ariwo rẹ̀, kò gba ibẹ̀, ó kàn fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dè é ni. Bó ṣe tẹ mọ́tò, súfèé náà jáde, ó ń ròkè, ó ń ròkè, títí tí kò fi sí ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti fèrè ọkọ̀ àwọn ọ̀gá ológun. Ẹni tó bá sì gbọ́ fèrè yẹn láyé ìgbà náà tí kò yà fún un, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa sọ̀rọ̀.

Ni títì bá là níwájú wọn. Takisí kan wọ inú igbó lọ. Bàbá oníkẹ̀kẹ́ kan ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó dúró ṣánṣán, ó na ọwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́. Àwọn ọmọ iléèwé ń juwọ́. Mojísọ́lá rẹ́rìn-ín lórí iṣu títí ó fi di ikùn mú. Àlàájà béèrè ohun tí àwọn ará ibí rí lára wọn, Ràṣídì ní òun náà ò mọ̀. Nígbà tó yá, Àlàájà bẹ̀rẹ̀ sí gbé ọwọ́ sókè díẹ̀díẹ̀ láti dá wọn lóhùn.

Wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè. Ràṣídì pe Ọlọ́run, ó tẹ̀ ẹ́. Lọ́rì ọlọ́dún gbọọrọ yìí rọ́ mọ́ òkè bí ẹni pé nǹkan ń lé e. Ibi tó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí mí kọjá. Ibi tí Àlàájà ti máa ń ká ìró kọjá. Àlàájà ò ka tẹ̀sùbáà mọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ tí Ràṣídì ò rí rí hàn síta.

Àwọn sójà wà lórí òkè, ibi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ wò. Wọ́n ti gbọ́ fèrè láti ìsàlẹ̀, wọ́n ti gbé igi kúrò lójú ọ̀nà, wọ́n tò, wọ́n kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ ní kíkí sójà. Lọ́rì iṣu tí wọ́n kọ MÁ KÁNJÚ sí níwájú ló kọjá, Àlàájà sì fara balẹ̀ dá wọn lóhùn. Ó kù díẹ̀ kí ìsọ̀kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kí sájẹ́ǹtì wọn tó tají, tó fun fèrè. Orí òkè gan-an ni Ràṣídì dúró sí.

Sájẹ́ǹtì bi í pé ta ló fún un ní fèrè ìjọba. Ó ní kí gbogbo wọn bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n di etí mú, kí wọ́n máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn alábàárù bọ́ sílẹ̀, Mojísọ́lá bọ́ sílẹ̀, Ràṣídì náà bọ́ sílẹ̀. Bó ṣe ń fò ni omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mọ́tò ti gun òkè, Mojísọ́lá ṣì ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí dandan ni kí ẹsẹ̀ Àlàájà kan ilẹ̀, kò sí ẹni tí í bá sójà jiyàn lọ́dún yẹn.

Àlàájà ò mira. Sájẹ́ǹtì tún ọ̀rọ̀ sọ, ó fi kóbókò gbá ilẹ̀kùn.

"Ọmọ mi, mi ò lè sọ̀kalẹ̀," Àlàájà sọ. "Mo ti ṣèlérí. Bí ẹsẹ̀ mi bá kan ilẹ̀ lórí òkè yìí, ọkùnrin tó ń fò níwájú rẹ yẹn ò ní fẹ́ ọmọ mi mọ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi èjìká ti mọ́tò yìí gun ibí. Òun ló jẹ́ kí n jókòó lónìí. Bí o bá fẹ́ nà mí, gòkè wá bá mi."

Ràṣídì lóṣòó síbẹ̀, ọwọ́ ṣì wà létí rẹ̀. Sájẹ́ǹtì wo Àlàájà, ó wo Ràṣídì, ó wo Mojísọ́lá tó ń fò, tó ń sunkún, tó tún ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n tan án. Ìgbín onírin náà súfèé sí i lójú. Àwọn sójà bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan bi Ràṣídì bóyá ó lè ṣe irú rẹ̀ sí ọkọ̀ tiwọn, sájẹ́ǹtì ní kó panu mọ́. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé ìgbín wọn kúrò níwájú òun, kí wọ́n sì rọra máa tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n má baà kó ìdààmú bá sójà mìíràn.

Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀ lódìkejì, Àlàájà ní kí Ràṣídì dúró. Ó fara balẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ọ̀dà, ó sì bi í pé ọjọ́ wo ni àwọn bàbá rẹ̀ ń bọ̀. Ràṣídì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ọ̀dà gbígbóná láàárín títì. Lẹ́yìn lọ́rì náà, mọ́tò mọ́kànlá ti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kò sì sí èyí tó láyà láti kọjá.