Oko Tí Bàbá Mi Fi Dógò

Nígbà tí mo ṣì kéré, wọ́n nà mí nínú oko bàbá mi nítorí pé mo la èso kòkó kan, mo sì lá omi dídùn ara kóró rẹ̀. Ẹgba nìkan kò tó olówó èlé tó nà mí. Ó bi mí pé, "Ta ló ni kòkó yìí?" Mo ní bàbá mi ni. Ó yíjú sí bàbá mi tó ń ká kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa: "Sọ fún ọmọ rẹ."

Bàbá mi wolẹ̀. "Tiyín ni, sà."

Ẹ̀yin ọmọ mi, Ìdànrè níbí náà ni, lọ́nà Aládé, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń pariwo l'Ékòó. Àìsàn ìyá mi ló mú bàbá yáwó, ó sì fi oko dógò. Olówó yóò máa kó gbogbo kòkó lọ́dọọdún, síbẹ̀ gbèsè kò ní dín ní kọ́bọ̀. Odidi owó lẹ́ẹ̀kan náà ló fẹ́. Bàbá wá di lébìrà nínú oko tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn. Bí igi tó ń tọ́jú bá ṣe ń so sí i ni olówó ń di oko náà mú sí i.

Ó lọ yáwó ní bánkì ní Àkúrẹ́ láti fi gba oko náà padà, wọ́n lé e: ilẹ̀ ẹbí kò ní ìwé. Ni òun àtàwọn àgbẹ̀ abúlé Atosin bá lọ sí káńsù. Wọ́n ní kí ìlú dá bánkì tirẹ̀ sílẹ̀, kí owó ọjà wa máa wọbẹ̀, kí ó máa yá ẹni tí aládùúgbò bá jẹ́rìí sí oko rẹ̀ lówó. Olówó èlé wà níbẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bánkì ìlú kẹ̀? Èmi gan-an ni bánkì ìlú! Ta ni nínú yín tí kò tíì kanlẹ̀kùn mi?"

Àwọn kańsílọ̀ bá a rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kan láti Atosin dá a lóhùn: "Bánkì tó ń na ọmọ ọlọ́mọ!" Wọ́n ní kó jókòó.

Bàbá kú láìgba oko náà. Àwọn ọmọ olówó èlé náà ló ń ká kòkó rẹ̀ títí dòní.

Ayé ti yí padà. Fóònù ló ń yá yín lówó báyìí, bí ẹ bá sì pẹ́ san án, yóò ránṣẹ́ sí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti wòlíì yín pé olè ni yín. Níwájú ọmọ kan ni wọ́n ti dójú ti bàbá mi. Tiyín, gbogbo ayé ló ń wò ó.

Láìpẹ́ yìí, mo tún gbé ọ̀rọ̀ bánkì ìlú lọ sí káńsù. Ọ̀gá ibẹ̀ ní ìgbìmọ̀ kan yóò gbé e yẹ̀ wò, pé kí àwa àgbà ṣáà máa gbàdúrà fún ẹ̀mí gígùn.